Bàbá Fóltì àti Ẹyin Àǹtí Rísì

Ọjọ́ tí a sin Bàbá Àgbà, kò sí ẹni tó gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé ó ti kú títí iná fi dé.

A ti ti itẹ́ òkú dé nígbà náà. Àwọn àlùfáà ti ṣàdúà, àwọn tó wá bá wa kẹ́dùn ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní agbo ilé wa ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, a ti ń pín omi. Bẹ́ẹ̀ ni iná dé. Gílóòbù ẹnu ọ̀nà kàn pọ́n rẹ́súrẹ́sú, kò mọ́lẹ̀. Ọkùnrin kan tó bá àwọn àna wa wá gbójú sókè, ó ní, "Hàfù kọ́rẹ́ńtì náà ni wọ́n tún gbé dé."

Àwa ọmọ àti ọmọ-ọmọ kọjú sí ilẹ̀kùn yàrá Bàbá. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, kò sí ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ yẹn nínú agbo ilé náà tí Bàbá kò ní ké láti inú yàrá pé, "Kọ́rẹ́ńtì kọ́! Fóltì ni! Fóltì ló dín kù!" Bó wà lórí ìrun, yóò sálámà ná, kó tó ké. A dúró. Ilẹ̀kùn kò ṣí. Ìgbà náà ni Ìyá Àgbà, tí kò tíì da omijé kan láti àárọ̀, bú sẹ́kún. Ó ní, "Háà! Ọkọ mi ti kú lóòótọ́." Àlejò yẹn rò pé òun ṣẹ̀, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja, a wá ń bẹ òun náà.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ọdún tí wọ́n bí Bàbá àti ilé-ìwé tó lọ, kó bi ẹlòmíràn. Èyí tí mo mọ̀ ni mò ń kọ. Ó ń tún nǹkan oníná ṣe lẹ́nu ọ̀nà ilé: áyọ́ọ̀nù, kẹ́tù, fáànù, sítóòfù oníkọ́ìlì. Orúkọ tí gbogbo àdúgbò ń pè é ni Bàbá Fóltì. Míta tó fi ń wọn iná kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀, bí àlùfáà ṣe ń fi tẹ̀sùbáà kọ́rùn, àwọn ọmọ kékeré tí kò mọ̀ ọ́n sì máa ń bi í bóyá dókítà ni. Yóò ní bẹ́ẹ̀ ni.

Kò jọ àwọn oníná yòókù. Tí o bá gbé nǹkan lọ bá wọn, wọn yóò tú u, wọn yóò fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, wọn yóò ní kí o padà wá lọ́la. Bàbá kì í tú nǹkan kan tí kò bá tíì ṣírò rẹ̀. Yóò wọn fóltì, yóò wọn áńpíà, yóò fi èkejì pín èkínní, ó mọ óòmù rẹ̀ nìyẹn. Yóò sọ méjèèjì di púpọ̀ lára wọn, ó mọ wáàtì rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò wá gbójú sókè wò ọ́, bí ẹni pé ìwọ ló kù tó máa wọ̀n.

Ọ̀nà tó gbà kọ́ mi nígbà tí mo wà ní kíláàsì kẹrin, n kò rí olùkọ́ kankan tó mọ̀ ọ́n kọ́ bẹ́ẹ̀ títí mo fi parí Yunifásítì. Ó mú mi lọ sí Àkẹ̀sán lọ́jọ́ ọjà, a dúró sí ojú kan tí ọ̀nà ti fún láàárín ìsọ̀ méjì. Ó ní, "Àjọkẹ́, wo àwọn tó ń ti ara wọn láti ẹ̀yìn yẹn. Títì yẹn ni fóltì. Iye èèyàn tó ráyè kọjá ni áńpíà. Bí ọ̀nà yẹn ṣe há tó ni óòmù. Tí o bá fẹ́ mọ bó ṣe há tó, má wulẹ̀ lọ fi okùn wọ̀n ọ́n, wọn á tẹ̀ ọ́ pa. Wo bí wọ́n ṣe ń tì tó, fi iye àwọn tó kọjá pín in." Mo ní, "Wáàtì ńkọ́, Bàbá?" Ó ní, "Wáàtì ni wàhálà tí gbogbo wọn jọ dá sílẹ̀. Títì, lọ́nà iye àwọn tó kọjá." Bó ti ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ni alágbàrù kan fi ẹrù gbá fìlà rẹ̀ dànù. Ó ní, "Ó dáa. Ìwọ̀nba wáàtì nìyẹn."

Yorùbá ló fi ń ṣírò, Yorùbá àwọn baba ńlá wa tí àwa kò lè kà kọjá ogún kí a má pè é ní tùwẹ́ńtì-wáànù. Kẹ́tù kan dé, ó ń gba áńpíà márùn-ún lórí fóltì òjìlérúgba. Èmi ń wá tẹlifóònù nínú àpò láti fi ṣírò, Bàbá ti dáhùn: "Óòmù méjìdínláàádọ́ta. Wáàtì ẹgbẹ̀fà." Mo ní kó dúró kí n yẹ̀ ẹ́ wò. Nígbà tí tẹlifóònù máa sọ iye tó jẹ́, ó ti tún kẹ́tù náà ṣe, ó ti ń fi omi inú rẹ̀ po tíì. Ó ní, "Yunifásítì la ní kí ẹ lọ, tẹlifóònù lẹ lọ ń bi léèrè."

Òótọ́ inú yìí kò mú ọrọ̀ wá fún un. Alágbàfọ̀ kan gbé áyọ́ọ̀nù wá nígbà kan, ó ní kì í gbóná mọ́. Bàbá wọ̀n ọ́n. Fóltì ọgọ́fà, áńpíà méjì ààbọ̀.

"Óòmù rẹ̀ pé," ni Bàbá wí. "Irin rẹ kò ní àrùn kankan. Iná àdúgbò yín ló ń ṣàìsàn. Gbé e lọ sílé."

"Bàbá, ẹ ṣáà bá mi tú u wò. Kì í gbóná tó ìdajì bó ṣe ń gbóná tẹ́lẹ̀."

"Kò lè tó ìdajì. Ìdámẹ́rin ló máa jẹ́. Tí títì bá di ìdajì, iye tó ń kọjá náà á di ìdajì. Ìdajì lọ́nà ìdajì, kí ni?"

"Bàbá, aṣọ oníbàárà ló wà nílẹ̀ o, kì í ṣe ìdánwò ni mo wá ṣe."

"Ẹni tí ara rẹ̀ le koko, kí ni kí n là á nínú fún?"

Obìnrin náà gbé irin rẹ̀, ó gbé e dé ọ̀dọ̀ oníná tó wà ní òdìkejì títì. Ìyẹn tú u, ó fi àkísà nù ún, ó dè é padà, ó gbowó. Obìnrin náà ń rẹ́rìn-ín lọ sílé, kò sì wá sọ́dọ̀ wa mọ́. Bàbá wò ó títí ó fi pòórá, ó ní, "Àwọn èèyàn kì í sanwó fún òótọ́, àfi tí o bá tú nọ́ọ̀tì."

Ìyá Àgbà kò fojú rere wo gbogbo èyí. Bàbá sọ ọ́ ní Ẹgbẹ̀rún Óòmù, nítorí bó ti wù kí èèyàn tì í tó, kò ní jẹ́ kí nǹkan kan kọjá. Ìyá Àgbà náà ní èsì tirẹ̀ nílẹ̀. Tí Bàbá bá ti ń pariwo jù, yóò kàn máa ro ọbẹ̀ rẹ̀ lọ, yóò wí fún wa pé, "Ẹ fi í sílẹ̀. Fóltì rẹ̀ ló pọ̀, kò sí áńpíà níbẹ̀." Ọdún mélòó kan ni wọ́n fi bú ara wọn báyìí, tí a kò sì rí ìjà kan níbẹ̀. Àárọ̀ kan ni mo bá wọn tí wọ́n ń jẹ ẹ̀kọ àti àkàrà nínú àwo kan náà, Bàbá ń bù fún un, ó ń pè é ní Ẹgbẹ̀rún Óòmù, ìyẹn ń jẹ́ é.

Nígbà tí ẹni tó di ọkọ mi lónìí kọ́kọ́ wá kí i, ó wọ kóòtù, ó dọ̀bálẹ̀ dáadáa, ìyẹn kò jọ Bàbá lójú. Ó nawọ́ sí gílóòbù. "Ọgọ́ta wáàtì lèyí, lórí òjìlérúgba. Áńpíà mélòó ló ń gbà?"

Ọkọ mi ní, "Bàbá, lọ́yà ni mí, sà."

Bàbá ní, "Kò burú. Ẹ ó máa fi òfin tan iná."

Ó di ọ̀sẹ̀ méjì kí ó tó padà wá. Kò tíì jókòó tó fi ní, "Bàbá, ìdámẹ́rin áńpíà kan ni." Ojú Bàbá tàn. Ó ní, "Óòmù rẹ̀ ńkọ́?" Ọkọ mi kò ka ìyẹn wá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn. Mo ti ń sunkún nínú yàrá pé ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́. Ṣùgbọ́n Bàbá ní kí wọ́n gbé oúnjẹ fún un. Ó wí fún ìyá mi lẹ́yìn náà pé, "Nímọ́tà, ẹni tó lè padà wá pẹ̀lú ìdáhùn, ó lè máa padà wálé."

Mo ti sọ gbogbo èyí kí n má baà tètè dé ibi tí mò ń lọ, nítorí ibẹ̀ ni mo ti rí Bàbá tí n kò mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Àǹtí Rísì, tí Bàbá ń fi oríkì pè ní Àṣàkẹ́, ni àbíkẹ́yìn rẹ̀. Ògbómọ̀ṣọ́ ló fẹ́ ọkọ sí, ọkọ rẹ̀ sì ń wa ọkọ̀ akẹ́rù lọ sí òkè Ọya, ó lè lo oṣù kan kó tó yọjú. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo gbé ní gbogbo ọdún tí mo fi wà ní Yunifásítì. Obìnrin tí kì í jókòó lásán ni. Ó ní òun yóò máa fi ooru iná pa ẹyin, kí òun lè máa ta ọmọ adìyẹ fún àwọn àgbẹ̀. Ó ra ẹyin ọlọ́mọ láti Ìrẹsà, ẹgbẹ̀ta ẹyin, ó tẹ́ ẹ sínú kọ́bọ́ọ̀dù ńlá kan tó ti ń kó aṣọ sí tẹ́lẹ̀, ó fi kọ́ìlì iná kan sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ó gbẹ́ ihò méjì sí i lára. Bí ooru bá pọ̀, a ó ṣí ihò, bí kò bá tó, a ó dí i. Èmi àti òun la ń yí ẹyin náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́, ẹyọ kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń yí ọmọ jòjòló.

Iná àdúgbò wọn ni kò jẹ́. Ọgọ́fà fóltì ni, kì í jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kọ́ìlì yẹn kàn ń lọ́ wọ́ọ́rọ́. Nígbà tó pé ọjọ́ mọ́kànlélógún tó yẹ kí wọ́n jáde, kò sí ohùn kankan nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Gbogbo wọn ti kú sínú èèpo.

Àǹtí gbé kọ́ìlì náà wá sí Ọ̀yọ́, èmi náà bá a wá. Ó kúnlẹ̀. "Bàbá, ẹ bá mi gé e. Ẹ fi ìdámẹ́rin sílẹ̀, ẹ gé ìyókù dànù. Àwọn oníná Ògbómọ̀ṣọ́ ń gé e fún àwọn èèyàn, óòmù rẹ̀ á dín kù, á sì máa gbóná dáadáa."

Bàbá ní, "Tí iná bá wá pé ńkọ́?"

"Iná kì í pé lọ́dọ̀ wa, Bàbá. Láti ìgbà tí mo ti délé ọkọ."

"Mi ò ní gé e."

Ibẹ̀ ló yẹ kí ọ̀rọ̀ parí sí, ṣùgbọ́n Bàbá tún bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́. Ó fi odidi wákàtí kan ṣàlàyé fún ọmọ tí ẹyin rẹ̀ kú pé ó ti gbàgbé gbogbo ohun tí òun kọ́ ọ láti kékeré. Àǹtí dìde. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ pa ẹyin mi, ẹ̀yin àti fóltì yín." Ó wọ báàsì lọ. Láti ọjọ́ náà, kò gbé ìpè Bàbá mọ́. Ó tẹ́ ẹyin lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n tún kú. Ìgbà tó fẹ́ tẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kẹta, ó búra lójú mi: bí wọ́n bá tún kú, òun yóò fi kọ́bọ́ọ̀dù náà dáná, ẹsẹ̀ òun kò sì ní tẹ ilé Bàbá mọ́ láéláé. Mo mọ Àǹtí. Òun náà ní óòmù ti ìyá rẹ̀.

Ó gbé kọ́ìlì lọ fún oníná kan níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ọ̀gá Múká. Ìyẹn kò bi í léèrè nǹkan kan, ó gé e, ó ní áńpíà mẹ́rin ló ń gbà. Ooru wá, ó sì dúró. Ní ọjọ́ kẹwàá, tí a gbé ẹyin sí iwájú iná tọ́ọ̀ṣì, a rí ọmọ tó ń mira nínú rẹ̀. Àǹtí jó yí ilé ká.

Ọjọ́ kẹtàdínlógún bọ́ sí Jímọ̀, mo sì lọ kí àwọn Bàbá ní Ọ̀yọ́. Mo ti pinnu pé n kò ní dárúkọ kọ́ìlì, ṣùgbọ́n Bàbá bi mí títí ó fi jáde lẹ́nu mi. Kò bínú. Ó ní, "Ṣé ó ń gbóná?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ń jẹun rẹ̀ lọ. Èmi, kí ọ̀rọ̀ lè yí síbòmíràn, mo ní inú wọn ń dùn ní àdúgbò Àǹtí, nítorí wọ́n ti dáwó ra tiransifọ́mà tuntun, ọ̀sán ọ̀la ni wọ́n máa tan án.

Bàbá gbé òkèlè padà sínú àwo.

"Áńpíà mélòó ni kọ́ìlì yẹn ń gbà báyìí?"

"Mẹ́rin."

Ẹnu rẹ̀ ń mì. Mo rí i pé ó ti ń ṣírò. Lẹ́yìn náà ó dìde, kò tilẹ̀ ṣan ọwọ́. A pe Àǹtí, kò gbé e. Mo fi fóònù mi pè é, wọ́n ní ó wà ní pípa. A pè títí ilẹ̀ fi ṣú.

Bí ilẹ̀ ti mọ́, Bàbá ń wá nǹkan kiri yàrá. Ìyá Àgbà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fa náílọ́ọ̀nù dúdú kan yọ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó ní, "Bàbá Nímọ́tà, ṣé èyí lẹ ń wá? Oṣù mẹ́rin rèé tí mo ti ń gbálẹ̀ yí i ká." Bàbá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, kò wo ojú rẹ̀. Mi ò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. A lọ sí gáréèjì.

Nínú báàsì, Bàbá kò lè dákẹ́. Ó ń ṣàlàyé fún dírẹ́bà bí fóltì ṣe ń ṣe áńpíà, dírẹ́bà sì ń dá a lóhùn pé, "Òótọ́ ni, Bàbá, ayé ti bàjẹ́." A gun ọ̀kadà láti gáréèjì Ògbómọ̀ṣọ́, Bàbá láàárín, náílọ́ọ̀nù lórí itan rẹ̀, ó ń ké mọ́ ọlọ́kadà pé kó sáré. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ kí àgbàlagbà wí fún ọlọ́kadà pé kó sáré nìyẹn.

A bá èrò rẹpẹtẹ lábẹ́ tiransifọ́mà. Àwọn ẹgbẹ́ onílé ti gbé àga sí i. Alága ti sọ̀rọ̀ tán, àlùfáà ti ṣàdúà tirẹ̀, ó kan wòlíì ìjọ Aládùúrà kan tó wọ aṣọ funfun, agogo ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Àǹtí wà lẹ́nu ilẹ̀kùn ilé rẹ̀, ó ń wo èrò. Ó rí wa. Ó na apá méjèèjì, ó dí ẹnu ọ̀nà.

"Ẹ káàbọ̀, Bàbá. Tó bá jẹ́ pé ìwàásù lẹ gbé wá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà. Ẹyin mi ti pé ọjọ́ kejìdínlógún."

Bàbá ní, "Tí wọ́n bá tan tiransifọ́mà yẹn, kí lo fẹ́ ṣe?"

"Mo ti rò ó. Ìlọ́po méjì ni iná máa jẹ́. Màá ṣí ihò méjèèjì."

Ohùn wòlíì ń lọ sókè. Ó ń gbàdúrà fún tiransifọ́mà, fún òpó, fún wáyà. Bàbá kò pariwo. Mo retí pé yóò pariwo, kò ṣe é. Ó ní, "Àṣàkẹ́, bá mi ṣírò rẹ̀. Èyí tó ń gbóná báyìí, fóltì ọgọ́fà, áńpíà mẹ́rin. Wáàtì mélòó?"

Àǹtí fi ìbínú dáhùn. "Ọ̀rìnlénírinwó."

"Kọ́ìlì náà kò yí padà, óòmù rẹ̀ náà ni. Títì wá di òjìlérúgba. Áńpíà mélòó?"

"Mẹ́jọ."

"Òjìlérúgba lọ́nà mẹ́jọ?"

Ètè Àǹtí ń mì gẹ́gẹ́ bí ti bàbá rẹ̀. Mo rí ìgbà tó dé ibẹ̀. Apá rẹ̀ méjèèjì wálẹ̀. "Ẹgbàá ó dín ọgọ́rin," ló wí, ohùn rẹ̀ kò jáde dáadáa. "Bàbá, ìlọ́po mẹ́rin ni. Á sè wọ́n."

"Á sè wọ́n, á sì jó ilé mọ́ wọn. Ṣí lọ́nà."

A wọlé. Àwọn òṣìṣẹ́ ìta ti pa iná ògbólógbòó kí wọ́n lè so tuntun, inú ilé ṣókùnkùn, mo fi fóònù tan ìmọ́lẹ̀ fún un. Bàbá já kọ́ìlì Ọ̀gá Múká sọnù. Ó tú náílọ́ọ̀nù. Kọ́ìlì mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀, odindi, tuntun, pẹ̀lú súwíìṣì mẹ́rin, ó ti kàn wọ́n mọ́ pákó kan tẹ́lẹ̀, wáyà rẹ̀ ti pé. Kọ́ìlì kọ̀ọ̀kan ní súwíìṣì tirẹ̀. "Tí iná bá dín, tan mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Tó bá pé, ẹyọ kan ṣoṣo. Ooru kan náà ni wàá rí." Ó ń ti nọ́ọ̀tì sínú, ó ń já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àǹtí ń ṣa á fún un. Níta, wòlíì dé orí ọmọ àwọn tó dáwó. Ẹni tó bá sọ lójú mi pé àdúrà Aládùúrà ti gùn jù, èmi àti onítọ̀hún la jọ máa fà á.

Wòlíì ní àmín. Bàbá ní, "Ó ti tó." Ó tan súwíìṣì kan. Ariwo sọ níta, "Wọ́n ti mú iná wá o!" Gílóòbù tó wà lórí wa funfun báláú, a fi ọwọ́ bojú. Bàbá wọn áńpíà. Méjì. Ó fi ẹ̀yìn ti ògiri, ó jókòó sílẹ̀.

Òórùn wá bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Ẹ̀wà ń jóná ní ilé kejì. Obìnrin kan ké ní òdìkejì pé sítóòfù òun ń pọ́n bí irin alágbẹ̀dẹ. Ẹlòmíràn ń da omi sí nǹkan. Gbogbo ojúlé tí Ọ̀gá Múká ti gé kọ́ìlì ni èéfín ti ń jáde, òun fúnra rẹ̀ sì ń sá kiri àdúgbò, ó ń yọ púlọ́ọ̀gì. Bàbá fa òórùn náà símú, ó ní, "Ẹgbàá ó dín ọgọ́rin."

Kò padà sí Ọ̀yọ́ lọ́jọ́ náà. Ó sùn síbẹ̀ ní Sátidé, ó sùn ní Àìkú àti Ajé, ó ń ṣọ́ kọ́bọ́ọ̀dù. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, tó pé ọjọ́ mọ́kànlélógún, Àǹtí pè é pé kó wá gbọ́. Bàbá gbé etí lé ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù. Èmi náà gbọ́ ọ láti ibi tí mo dúró sí, ohùn tín-ín-rín, ọ̀pọ̀lọpọ̀, láti inú èèpo.

Àǹtí ní, "Bàbá, ìgbà wo lẹ ra àwọn kọ́ìlì wọ̀nyí?"

Bàbá kò gbé etí kúrò. "Ọ̀sẹ̀ tí ẹyin rẹ àkọ́kọ́ kú."

"Oṣù mẹ́rin. Kí ló dé tí ẹ ò gbé e wá?"

"Mò ń retí kí o wá bẹ̀ mí."

Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, ilẹ̀kùn ló ń bá sọ ọ́, kì í ṣe àwa. "Ìṣirò mi kò ṣìnà, Àṣàkẹ́. Ṣùgbọ́n ẹyin rẹ ń kú ní Ògbómọ̀ṣọ́, èmi jókòó sí Ọ̀yọ́, mò ń jàre. Dárí jì mí."

A kò gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí, ìyá mi kò gbọ́ ọ, Ìyá Àgbà kò gbọ́ ọ. Àǹtí ní, "Ẹ má fara ti ilẹ̀kùn, Bàbá, ooru ń jáde." Lẹ́yìn náà ó gbé àpótí wá fún un, òun alára jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó gbé orí lé e lórúnkún bí ọmọdé, omijé ń dà lójú rẹ̀, kò nù ún.

Wọ́n wà bẹ́ẹ̀ títí èyí àkọ́kọ́ fi fọ́ èèpo. Ó tutù rìn-ìn, ó sì burẹ́wà. Òmíràn tẹ̀lé e, ó di márùn-ún, ó di bíi ogún. Mo mú bébà àti bírò, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n, nítorí mo mọ Bàbá, mo mọ̀ pé yóò bi mí ní iye tó jáde nínú ẹgbẹ̀ta. Ó na ọwọ́, ó gba bírò náà lọ́wọ́ mi.

"Fi wọ́n sílẹ̀, Àjọkẹ́," ló wí. "A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ."